Yíyà Fọ́tò Díjítà fún Olùbẹ̀rẹ̀: Àpẹẹrẹ Lamordé ní Niamey

Yíyà fọ́tò díjítà ni fífi ìmọ́lẹ̀ ṣe àwòrán pẹ̀lú kámẹ́rà tàbí fóònù tí ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ náà di nọ́ńbà, dípò kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí fíìmù. Olùbẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tí ó ti mọ bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì lè sọ ṣáájú bí àwòrán rẹ̀ yóò ṣe rí. Ohun tí ó ń sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di ayàwòrán kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Òye ìmọ́lẹ̀ ni: ibi tí ó ti ń wá, bí ó ti le tó, àti ohun tí ó ń ṣe sí ojú ènìyàn.

Lamordé jẹ́ àdúgbò kan ní bèbè ọ̀tún Odò Ọya ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Inú èdè Fúlàní ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibùjókòó ìjọba. Ilé ìwòsàn ńlá kan ń jẹ́ orúkọ àdúgbò náà, Yunifásítì Abdou Moumouni sì wà ní bèbè kan náà. Afárá Kennedy, tí a ṣí ní 1970, ni ó kọ́kọ́ so bèbè yìí mọ́ àárín ìlú. Àdúgbò yìí yẹ fún àpẹẹrẹ nítorí pé ohun tí ó máa ń dán olùbẹ̀rẹ̀ wò pé síbẹ̀: oòrùn líle, omi tí ń dán, eruku ọyẹ́, ojú àwọn aláwọ̀ dúdú lábẹ́ ojú ọ̀run funfun, àti ẹ̀kún omi tí ó lè ba àwòrán jẹ́.

Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá fọ́tò dé orí fóònù

Ní 1975, Steven Sasson, ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́ tí a lè gbé lọ́wọ́. Píksẹ́lì 10,000 péré ni àwòrán rẹ̀ ní, dúdú àti funfun nìkan ni, ó sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 kí ó tó lè tọ́jú àwòrán kan sínú kásẹ́ẹ̀tì. Lónìí, fóònù lásán ń ya àwòrán oní mílíọ̀nù píksẹ́lì láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Kí èyí tó dé, àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ó tan iṣẹ́ fọ́tò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òpìtàn Erika Nimis tẹ ìwé kan jáde lórí wọn ní 2005, èyí tí ó ṣàlàyé bí àwọn ayàwòrán láti ilẹ̀ Yorùbá ṣe ṣí ilé fọ́tò ní àwọn ìlú tí ó jìnnà sí ilé wọn. Lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́, ó sì lè lo ọdún mélòó kan kí ó tó gba òmìnira. Ọ̀gá kì í gbà kí ọmọ iṣẹ́ fi fíìmù ṣòfò, nítorí owó ni fíìmù, owó ni oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́, owó sì ni ìwé tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ ní láti wo ìmọ́lẹ̀ dáadáa kí ó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ní Niamey fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù ni Philippe Koudjina, ọmọ Dahomey, tí í ṣe orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ó ya ìgbé ayé alẹ́ ìlú náà ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira Nìjẹ̀r ní 1960: àwọn ọ̀dọ́ nínú ijó, aṣọ ìgbà náà, àti ayọ̀ ìran kan. Fíìmù kan tí ó jáde ní 2006, Photo Souvenir, sọ ìtàn rẹ̀ nígbà tí ó ti di arúgbó aláìní.

Fọ́tò díjítà ti gba ẹrù kan kúrò lórí olùbẹ̀rẹ̀: àṣìṣe kò gbówó mọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tí ó lè ya igba àwòrán láàárín wákàtí kan lè má kọ́ ohunkóhun nínú wọn. Ìtẹ̀síwájú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá fi ìkóra-ẹni-níjàánu ọmọ iṣẹ́ àtijọ́ kún òmìnira ẹ̀rọ òde òní.

Ohun mẹ́ta tí ó ń darí ìmọ́lẹ̀

Nínú kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú lẹ́ńsì wọlé, ó ń kọjá ihò kan, ilẹ̀kùn kékeré kan ń ṣí fún un, ó sì ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ tí ó ń kà á. Ohun mẹ́ta ni ayàwòrán lè yí.

Èkíní ni ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì, tí a ń fi lẹ́tà f kọ. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó: f/2.8 gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju f/8 lọ. Ihò tí ó tóbi ń mú kí ohun tí ó wà lẹ́yìn ènìyàn rí bàìbàì. Ihò tí ó kéré ń mú kí iwájú àti ẹ̀yìn hàn kedere. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ihò yìí kò ṣeé yí.

Èkejì ni àkókò tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí. Ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá (1/500) lè dá ọmọ tí ń sáré tàbí ọlọ́kọ̀ ojú omi tí ń wa ajẹ̀ dúró gbọn-in nínú àwòrán. Bí àkókò bá gùn ju 1/60 lọ, ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ lásán lè mú kí àwòrán ṣe bàìbàì, àfi bí a bá gbé kámẹ́rà lé nǹkan.

Ẹ̀kẹta ni ISO, ìyẹn bí a ṣe fẹ́ kí kámẹ́rà fi agbára ka ìmọ́lẹ̀ tó. ISO 100 tó nínú oòrùn. Ní alẹ́, a lè gbé e dé 1600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwòrán náà á wá dà bí ẹni pé a wọ́n iyanrìn sí i lára.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Láti ISO 100 sí 200, láti 1/250 sí 1/125, tàbí láti f/8 sí f/5.6, ìṣísẹ̀ kan náà ni: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán di ìlọ́po méjì. Òfin àtijọ́ kan tí ó wúlò síbẹ̀ ni pé nínú oòrùn gangan, a lè fi f/16, ISO 100 àti nǹkan bí 1/100 bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́

Niamey wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 13.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí èyí, oòrùn ọ̀sán máa ń wà lókè orí gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìparí oṣù Kẹrin àti ní àárín oṣù Kẹjọ. Irú oòrùn bẹ́ẹ̀ ń da òjìji síhò ojú, sábẹ́ imú àti sábẹ́ àgbọ̀n. Ojú ènìyàn á wá dà bí ẹni tí kò sùn. Kì í ṣe ẹ̀bi kámẹ́rà.

Àkókò tí ó dára jù fún olùbẹ̀rẹ̀ ni wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ àti wákàtí kan kí ó tó wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wá nígbà náà, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Bí iṣẹ́ bá di dandan ní ọ̀sán, kí ayàwòrán wá ibòòji tí ó ṣí sí ojú ọ̀run: abẹ́ igi dóńgóyárò, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ẹnu ọ̀nà yàrá. Kí ẹni tí a ń yà dúró sínú ibòòji náà, kí ó sì kọjú síta. Ògiri amọ̀ tí oòrùn ń tàn sí lódìkejì á tún da ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ padà sí ojú rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Ojú aláwọ̀ dúdú

Ẹ̀dùn ọkàn tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí: a ya ẹnì kan ní etí odò, omi hàn, ọ̀run hàn, ṣùgbọ́n ojú ẹni náà ṣókùnkùn. Ohun tí ó fà á ni pé kámẹ́rà kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni ó ń wò tàbí ògiri. Ó ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń fẹ́ kí àpapọ̀ wọn dà bí àwọ̀ eérú, tí kò funfun jù, tí kò sì dúdú jù. Bí ọ̀run àti omi tí ń dán bá gba ibi tí ó pọ̀ jù, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú á sì ṣú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Lórí fóònù, kí a fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí gíláàsì, kí a sì fa àmì oòrùn tí ó bá jáde sókè díẹ̀díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, kí a gbé ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lọ sí apá àmì +. Ó tún lè jẹ́ pé kí ẹni náà yí padà nìkan ni ó kù. Bí ojú dúdú tàbí aṣọ dúdú bá gba gbogbo àwòrán, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: kámẹ́rà á tan ìmọ́lẹ̀ jù, awọ ara á sì hun bí ẹni tí ọyẹ́ mú. Apá àmì − ni a ó lọ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìgbà fíìmù, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan, tí a ń pè ní káàdì Shirley, ni àwọn ilé ìfọ̀wé fọ́tò fi ń díwọ̀n àwọ̀ ara tí ó péye. Àwọ̀ dúdú kò sí nínú ìdíwọ̀n náà. Nítorí náà, ayàwòrán tí ó bá gba ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá pinnu lè sọ àwọn ènìyàn tirẹ̀ di òjìji nínú àwòrán tí ó yẹ kí ọmọ ọmọ wọn fi mọ̀ wọ́n.

Ìtò àwòrán àti iyì ènìyàn

Stephen Sprague, tí ó ṣèwádìí lórí fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Ó ṣàkíyèsí bí àgbà Yorùbá ṣe ń jókòó fún fọ́tò: ó kọjú sí kámẹ́rà, gbogbo ara rẹ̀ hàn, ó gbé ọwọ́ lé itan, aṣọ rẹ̀ sì tẹ́ dáadáa. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán lè ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì tẹ àwọn méjèèjì papọ̀ sórí ìwé kan. Èyí fi hàn pé ìtò àwòrán ní ìtumọ̀ láwùjọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n ojú ẹni tí a ń yà. Bí ọmọdé bá ni, kí ayàwòrán lóṣòó. Kí ó wo ẹ̀yìn ẹni náà kí òpó iná má baà dà bí ohun tí ó hù lórí rẹ̀. Kí ó fi ẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ọn dípò kí ó fa àwòrán tóbi lórí fóònù, nítorí fífà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dín dídán àwòrán kù.

Ó tún gbọ́dọ̀ gba àyè kí ó tó yà. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn tàbí tí ó dúró de aláìsàn ní àyíká ilé ìwòsàn kì í ṣe ohun ìran, bẹ́ẹ̀ ni ibi iṣẹ́ ìjọba àti ti ológun gba àṣẹ. Kíkí ènìyàn, ṣíṣàlàyé, àti fífi àwòrán hàn án lẹ́yìn tí a bá yà á tán jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà.

Eruku, ooru àti omi

Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀. Kí a má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú afẹ́fẹ́. Kí a kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò lójú lẹ́ńsì kí a tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, nítorí iyanrìn lè ha á. Ìka tí ó bà lójú lẹ́ńsì fóònù nìkan ti tó láti sọ gbogbo àwòrán di kùrukùru. Ní oṣù Kẹrin, ooru Niamey lè kọjá ìwọ̀n 40 Celsius, nítorí náà kí a má ṣe fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sínú oòrùn tàbí ọkọ̀ tí a tì pa.

Ní 2012 àti ní 2020, Odò Ọya kún kọjá ààlà, ó sì ya wọ àwọn àdúgbò bèbè ọ̀tún. Àwòrán orí ìwé kò lè farada irú omi bẹ́ẹ̀, fóònù kan ṣoṣo pẹ̀lú kò lè fara dà á. Òfin tí àwọn olùtọ́jú àwòrán ń tẹ̀lé rọrùn: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ibòmíràn. Kí a kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ àwọn tí ó wà nínú àwòrán mọ́ ọn, nítorí àwòrán tí kò ní orúkọ máa ń di ti àjèjì láàárín ìran kan.

Ìdánrawò

Ìdánrawò kan wà tí ó ń fún olùbẹ̀rẹ̀ ní ohun tí ọ̀gá fọ́tò àtijọ́ ń fún ọmọ iṣẹ́. Kí ó yan ẹnì kan tí ó gbà, kí ó sì yà á ní ibì kan náà ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó má ya ju àwòrán 12 lọ lápapọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí fíìmù kan ní iye tí ó lè gbà. Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, kí ó sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá àti ibi tí òjìji yóò bọ́ sí. Ní alẹ́, kí ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó mú ẹyọ kan, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi mú un sílẹ̀. Kí ó tẹ ẹyọ náà sórí ìwé, kí ó sì fún ẹni tí ó yà. Bí ẹni náà bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀ bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ náà ti yege.