Mímọ Àmì Jẹjẹrẹ Ọyàn Lásìkò Tí Abiyamọ Ń Fún Ọmọ Lọ́mú

Ìfáárà

Láàárín àwọn Yorùbá, ọyàn abiyamọ ju ẹ̀yà ara lásán lọ. Oúnjẹ ọmọ ni, ìtùnú ọmọ sì ni. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà pé àrùn jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ sínú ọyàn tí ọmọ ń mu lọ́wọ́. Bí abiyamọ kan ní Atosin, ní agbègbè Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bá ti oko kòkó dé, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan kókó líle nínú ọyàn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn ará ilé kọ́kọ́ sọ pé omi ọyàn ló dì. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, kì í ṣe òótọ́. Bí a ṣe lè dá méjèèjì mọ̀, àti ipa tí èdè ń kó nínú ìdádúró tí ń mú ẹ̀mí lọ, ni ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún.

Kókó Tí Omi Ọyàn Ń Fà

Oríṣìí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí ń wáyé nígbà tí ọ̀nà omi ọyàn bá dí. Ó máa ń dunni, ó sì máa ń rọ̀ bí ọmọ bá ti ń mu ún. Èkejì ni ọyàn wíwú tí kòkòrò àrùn ń fà: ọyàn yóò pọ́n, yóò gbóná, ibà yóò sì mú abiyamọ. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè di oówo. Ẹ̀kẹta ni omi ọyàn tí ó kóra jọ sójú kan bí àpò kékeré. Èkíní àti èkejì kò ní kí abiyamọ já ọmọ lẹ́nu ọmú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi agbára tẹ ibi tí ó wú.

Àwọn Àmì Tí Kò Yẹ Kí A Fojú Fò

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Àkókò ìfọ́mọlọ́mú ló kó jẹjẹrẹ pọ̀ mọ́ àwọn kókó wọ̀nyí. Ohun tí ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ jù ni ọjọ́. Bí kókó kan bá wà lójú kan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí ọmọ tilẹ̀ ń mu ọyàn náà dáadáa, àyẹ̀wò di dandan. Àwọn àmì mìíràn nìyí:

(i) kókó líle tí kì í yẹ̀ bí a bá fọwọ́ tì í, yálà ó dunni tàbí kò dunni;
(ii) awọ ọyàn tí ó wọnú, tàbí tí ó rí bí èèpo ọsàn;
(iii) orí ọmú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, tàbí egbò orí ọmú tí kò jinná;
(iv) ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde láti orí ọmú tí kò dẹ́kun;
(v) kókó lábẹ́ abíyá;
(vi) ọyàn tí ó pọ́n tí ó sì wú, tí oògùn apakòkòrò kò ràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá bí ibà kò bá sí.

Àmì kan tún wà tí àwọn oníṣègùn ti ṣàkọsílẹ̀: ọmọ tí ń mu ọyàn méjèèjì lè ṣàdédé kọ ọ̀kan. Etí ríro tàbí imú dídí lè fa èyí náà. Àmọ́ bí kókó bá wà nínú ọyàn tí ọmọ kọ̀, kí a má ṣe dá ọmọ lẹ́bi. Kí a lọ fi han oníṣègùn. Kò sí ìkankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tí ó fi dánilójú pé jẹjẹrẹ ni. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ.

Ohun Tí Ń Fa Ìdádúró

Ọ̀rọ̀ náà, jẹjẹrẹ, ń gbé àwòrán ohun tí ń jẹ ẹran ara díẹ̀díẹ̀ síni lọ́kàn. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò máa retí egbò, òórùn àti ìrora. Bẹ́ẹ̀, ìparí àrùn ni orúkọ náà ń sọ, kì í sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, awọ lè máa dán, ara lè le, omi ọyàn sì lè máa ṣàn. Abiyamọ tí kò rí egbò yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ìdí kejì ni èrò pé ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú kò lè ní àrùn náà. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, tí ó kó iṣẹ́ 47 láti orílẹ̀-èdè 30 jọ, fi hàn pé oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú ń dín ewu jẹjẹrẹ ọyàn kù ní ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń dín in kù ni. Kò mú un kúrò.

Ìdí kẹta ni èrò pé àrùn àgbà ni. Iṣẹ́ ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àrùn yìí ń mú ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ní ọjọ́ orí tí kò tó 50 ọdún.

Àyẹ̀wò àti Ìtọ́jú

Fífún ọmọ lọ́mú kò dí àyẹ̀wò lọ́wọ́. Sìkánì ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà jáde fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ kì í ti inú omi ọyàn ran ọmọ. Oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ ló lè gba ibẹ̀ dé ara ọmọ, nítorí náà wọn yóò ní kí abiyamọ dá ọmọ lẹ́kun ọmú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ilé ìwòsàn alábọ́dé ni kí ará abúlé kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi Ilé Ìwòsàn Ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, tí ó wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó.

Àpẹẹrẹ wà nítòsí. Ní ọdún 1997 ni Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, ẹni tí ó la jẹjẹrẹ ọyàn já, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀. Ní ọdún 2017, ogún ọdún lẹ́yìn náà, òun ni ìyàwó gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ojúṣe Olùkọ́

Olùkọ́ Yorùbá kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n òun ló ni èdè tí abiyamọ ń gbọ́. Ó lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àyọkà tàbí àròkọ aṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí wọ́n bá rán lọ kọ́ṣẹ́ ní abúlé lè sọ ọ́ fún àwọn ìyá ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Dípò kí ó fi orúkọ àrùn náà bẹ̀rẹ̀, èyí tí ń dẹ́rù bani, kí ó fi gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀: kókó tí kò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé gbólóhùn náà délé fún ìyá rẹ̀.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ kókó inú ọyàn abiyamọ ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, àti pé èyí tí kò bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni kò gbọdọ̀ dúró sílé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.