Ọ̀nà Àjọrìn Lórí Ojú Irin Àtijọ́: Àpẹẹrẹ Bristol sí Bath

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni ní ojú ọ̀run. Lórí ọ̀nà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3 mítà, tí afẹsẹ̀rìn, oníkẹ̀kẹ́, ọmọdé, ajá àti afọ́jú jọ ń gbà, ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ó ti ìlú Bristol lọ sí ìlú Bath ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà tẹ́lẹ̀. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé aáwọ̀ tí ó máa ń wà láàárín àwọn tí ń lo ọ̀nà náà kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú irin fi sílẹ̀, àti pé ìwà àìdáa nìkan kọ́ ni ó ń fà á.

Ní 1835 ni ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í fa èédú gba apá tí ó sún mọ́ Bristol lára ọ̀nà náà. Ní 1869 ni irin ti Mangotsfield dé Bath. Ọkọ̀ akérò kò rìn lórí rẹ̀ mọ́ láti 1966. Ọkọ̀ èédú tí ń lọ sí ilé-iṣẹ́ gáàsì ní Bath náà dáwọ́ dúró ní 1971. Ní 1977, àwọn kan ní Bristol dá ẹgbẹ́ Cyclebag sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Sustrans lẹ́yìn náà. Láàárín 1979 sí 1986 ni a ṣe ọ̀nà náà ní abala-abala, tí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn sì kópa nínú iṣẹ́ náà, títí ó fi di máìlì 13, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 21.

Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, irin náà ni ó ń yí lé lórí. Bí òkè bá ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀. Nítorí èyí, àwọn tí ó la ọ̀nà náà gé òkè níbi tí ó ga, wọ́n kó ilẹ̀ dí àfonífojì, wọ́n sì gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè Staple Hill kọjá, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 470 mítà. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀nà ya lójijì níbikíbi. Irin ti kúrò, ṣùgbọ́n títẹ́jú ilẹ̀ ṣẹ́kù. Èyí ni arúgbó fi lè rìn jìnnà níbẹ̀ láìmí hẹlẹ, tí ẹni tí ó jókòó sórí àga onítáyà lè ti ara rẹ̀ lọ, tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ kò sì ní pàdé mọ́tò.

Oore yìí gan-an ni ó bí wàhálà. Kò sí òkè tí yóò dá oníkẹ̀kẹ́ dúró, kò sí kọ́nà tí yóò mú kí ó fa ìjánu. Ẹni tí ó ń sáré kìlómítà 25 ní wákàtí kan ń kọjá mítà 7 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn kò kọjá mítà kan ààbọ̀. Orúkọ tí a fún irú ọ̀nà báyìí, ọ̀nà ìgbafẹ́, tún ń tan ènìyàn. Ẹnì kan ń gbafẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ń lọ sí ibi iṣẹ́, aago sì ń lé e. Kò sí èyí tí kò ní ẹ̀tọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn kan rò pé kí a pín ọ̀nà níyà ni ojútùú. Ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020 pàápàá sọ pé ọkọ̀ ni kí a ka kẹ̀kẹ́ sí, kí a sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ afẹsẹ̀rìn ní òpópónà ìlú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ ihò abẹ́ òkè? Ní Bitton, ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ tún gbé dìde ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, ilẹ̀ kò sì ṣẹ́kù. Ní ti fífi ọ̀dà fa ilà sí àárín, ewu kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ń gbà á nímọ̀ràn kì í sábà rò: ilà a máa sọ ọ̀nà àjọrìn di ilẹ̀ alálà, ẹni tí ó bá sì ti ní ààlà kì í dẹwọ́ eré mọ́. (Àwọn ọ̀tá ojú ọ̀nà wọ̀nyí ti bá ara wọn rẹ́ nígbà kan o. Ní 2008, a gbé àbá jáde pé kí bọ́ọ̀sì máa gba apá kan ọ̀nà náà. Afẹsẹ̀rìn àti oníkẹ̀kẹ́ jọ takò ó, a sì gbé àbá náà tì.)

Níwọ̀n bí ilẹ̀ kò ti gbòòrò, ìlò ni ó kù. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Brítéènì, bí a ṣe tún un ṣe ní 2022, fi ẹrù tí ó wúwo jù lé ẹni tí ó lè ṣe ìpalára jù lórí. Oníkẹ̀kẹ́ ni kí ó dẹwọ́ eré. Kí ó má ṣe fi eré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, pàápàá láti ẹ̀yìn. Kí ó sì rántí pé ẹni tí ó wà níwájú lè jẹ́ adití tàbí afọ́jú. Ẹni tí ó mú ajá dání náà ní ojúṣe tirẹ̀: okùn kúkúrú ni kí ó fi dè é, nítorí okùn gígùn tí ó nà kọjá ọ̀nà lè gbé oníkẹ̀kẹ́ ṣubú.

Lórí agogo ni èdè-àìyedè pọ̀ sí jù. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá lù ú, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́ ọ bí ẹni pé a ní, “Kúrò lọ́nà!” Bí kò bá lù ú, wọ́n ní ó fẹ́ pa àwọn. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìlò àgò yóò tètè rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́ sí. Ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà tí ó ké “Àgò o!” kò pàṣẹ fún onílé, ó kàn sọ pé òun ti dé ni, yóò sì dúró títí a ó fi dá a lóhùn pé “Àgò yà.” Agogo tí a lù láti òkèèrè, tí a sì dẹwọ́ eré lẹ́yìn rẹ̀, àgò ni. Èyí tí a lù nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti dé gìgísẹ̀ ènìyàn, ìdẹ́rùbà ni: ẹlòmíràn a fò sí apá tí oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ gbà gan-an.

Nínú ihò Staple Hill, àgò nìkan kò tó. Iná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn a máa ta padà lára ògiri, tí ẹni tí ń rìn níwájú kò fi ní mọ̀ bóyá iwájú ni agogo ti ń dún tàbí ẹ̀yìn. Níbẹ̀, kí oníkẹ̀kẹ́ rọra máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀, títí tí ẹni iwájú yóò fi bojú wẹ̀yìn.