Ọ̀FẸ́ WO LÓ Ń GBOWÓ?

Ọjà Bọ́díjà ni mo wà ní Sátidé kan, mo fẹ́ ra èlùbọ́. Bí ìyá tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rí mi, ó gbé kóńgò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní: “Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀fẹ́ wo ló ń gbowó?”

Mo mọ ohun tó ń bá wí. Òrùlé kíláàsì kan ń jò ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì ti dá owó lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí. Ìyá yìí kò san. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yìí kì í ṣe tòní. Ó ti mú kí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba pàdánù ìdìbò rí ní ilẹ̀ wa.

Ṣílè Mẹ́wàá Àbọ̀

Ní 1952 ni Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, gbé e kalẹ̀ pé kí àwọn ọmọ wa máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó oṣù tíṣà? Ta ni yóò ra páànù? Ìjọba Action Group bu ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ lé owó orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera.

Owó ti ń jáde, ilé-ìwé kò tíì ṣí. Inú bí àwọn àgbẹ̀. Ti Ìbàdàn tilẹ̀ ti ń bínú tẹ́lẹ̀, nítorí igi kòkó aláìsàn tí ìjọba ń gé lulẹ̀. Adégòkè Adélabù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, dúró lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC gba ìjókòó 23 ní Ìwọ̀ Oòrùn, Action Group gba 18 péré nínú ilé ara rẹ̀.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó di Pirèmíà ní October ọdún náà, ìbá ti dá ètò náà dúró. Kò dá a dúró. Ní 17 January 1955, ilé-ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó jẹ́ bíi 457,000 ní 1954 di ẹni tó ju 811,000 lọ. Nígbà tí wọ́n dìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ní 1956, Action Group gba 48 nínú ìjókòó 80. Ìbàdàn ṣì tẹ̀ lé Adélabù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibòmíràn ti fojú ara wọn rí ohun tí owó wọn ṣe.

Alátakò Pẹ̀lú Rí Nǹkan

Èmi tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi èyí pa mọ́: tíṣà kò tó nígbà náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà ni wọ́n ń fún ní ṣọ́ọ̀kì nígbà mìíràn pé kó máa kọ́ni. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Olóyè S. A. Banjo jẹ́ alága rẹ̀ yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò ní 1960 sí 1961, wọ́n rí i pé àìsí olùkọ́ tó gbẹ̀kọ́ṣẹ́ ń ṣàkóbá fún ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n kí a kó ọmọ jọ nìkan kò tó.

Ìyá elélùbọ́ gbọ́ ìtàn náà tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Tíṣà, n kò ní n kò ní san. Èyí tí a san lọ́dún tó kọjá, kí ló ṣe?”

Ó tì mí lójú. A kò ròyìn owó náà fún ẹnikẹ́ni rí. Ní Mọ́ńdè, mo kọ ọ́ sórí káádíbọ́ọ̀dù: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá elélùbọ́ ti san tirẹ̀, ó sì mú aládùúgbò rẹ̀ kan wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹni tó béèrè ìṣirò kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ máa béèrè. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ìṣirò hàn yín, ẹ jọ̀wọ́, òjò kò ní dúró dè wá.