Orúkọ tí Ọmọ Ilé-Ìwé Ń Pe Olùkọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ rere di aláfojúdi lójú ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni bí ọmọ ilé-ìwé ti ń pe olùkọ́ rẹ̀.

Bí àlejò bá yà sí ilé-ìwé ní Ìbíadé, ní ẹ̀bá omi Ìjẹ̀bú, “Ẹ káàárọ̀, sà” tàbí “Ẹ káàárọ̀, mà” ni yóò gbọ́. Ọmọ kì í la orúkọ olùkọ́ mọ́lẹ̀. “Sà” àti “mà” ti èdè Òyìnbó wá. Ṣùgbọ́n “ọ̀gá” jẹ́ tiwa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń pe ẹni tí ń kọ́ ọ níṣẹ́. “Tíṣà” ńkọ́? Ní 1843 ni àwọn ajíhìnrere dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ní Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ti 1892 ni ìjọ àti ilé-ìwé tó tàn kálẹ̀. Tíṣà ìgbà náà a máa kọ́ ọmọ ní ọjọ́ iṣẹ́, a máa darí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, a sì máa bá ará ìlú ka lẹ́tà. Nítorí èyí ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ fi di oyè.

Nísisìyí, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Àwọn onímọ̀ èdè fi hàn pé ní ẹ̀ka èdè wa ti ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn, èyí tí wọ́n ka Ìjẹ̀bú mọ́, “ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo kò fìdí múlẹ̀ bí ti Ọ̀yọ́, tí èdè inú ìwé wa gba púpọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó gbọ́ èdè ilé nìkan lè wí fún olùkọ́ pé “o”, kí ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ó ń wí i. Bí olùkọ́ tí ó ti òkè wá bá nà án, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó dá? Orúnkún rẹ̀ ti bọ̀wọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó kọ́ èdè ìwé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ní àṣà. Ní Japan, “sensei” ni ọmọ ń pe olùkọ́. Ìtumọ̀ àmì tí a fi ń kọ ọ́ ni “ẹni tí a bí ṣáájú”, èyí tí kò jìnnà sí “ẹ̀gbọ́n” tiwa. Ní Jámánì, “Herr” tàbí “Frau” ni wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ ìdílé olùkọ́. Ní Sweden ẹ̀wẹ̀, láti òpin àwọn ọdún 1960, orúkọ àbísọ ni ọmọ fi ń pe olùkọ́, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí àrífín. Ọmọ wa tí ó bá lọ sí ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa lọ́ tìkọ̀. Ọmọ tiwọn tí ó bá wá síhìn-ín yóò dà bí ẹni tí a kò kọ́.

Kí ni a ń wí, nígbà náà? Olùkọ́, máa tọ́ ọmọ sọ́nà kí o tó nà án. Òbí, kọ́ ọmọ rẹ ní èdè ilé àti ti ìwé, kí ó mọ ibi tí olúkúlùkù yẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kíyè sí ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń wí nídìí oúnjẹ alẹ́. Bí bàbá bá ń fi bàtà olùkọ́ tí ó ti gbó ṣe ẹ̀rín, “sà” tí ọmọ yóò wí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kì yóò ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.