Kí Ibi Ìpéjọ Àwọn Ọmọ Wa Má Baà Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

  Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin jámọ́ọ̀ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ń péjọ sí ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, báyìí ni irú ibẹ̀ ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: bàbá àgbà kan yọ̀ǹda iwájú ilé rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń péjọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti kàwé àti láti ṣeré. Kò sí ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Nígbà tí bàbá bá papò dà, ilẹ̀ di ogún. Láyé àtijọ́, ẹ̀bẹ̀ lè yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti gbówó lórí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò dé Mọ́níyà. Ìjọba Ọ̀yọ́ tún ṣètò ọ̀nà àyíká Ìbàdàn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 110 kìlómítà. Oko ẹ̀gẹ́ àná ni wọ́n ń gé sí púlọ́ọ̀tì lónìí. Kí ni ṣíṣe?

Èkínní, kí a mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá tà á láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò múlẹ̀. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pe ẹjọ́. Ti fífi ilẹ̀ ẹbí tọrẹ tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí olórí ẹbí bá dá a fi tọrẹ láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, ẹ̀bùn náà kò múlẹ̀ rárá. Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí ni kí a bá sọ̀rọ̀.

Èkejì, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Súrà Bákárà, ẹsẹ̀ 282, pa á láṣẹ kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí. Ó yẹ kí ti ilẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Kí ìwé sọ ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì sọ bóyá ẹ̀bùn ni, àyálò ni, tàbí títà. Ohun tí a yá ni, olówó rẹ̀ lè gbà á padà. Ẹni tó bá sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti gbà pé ẹlòmíràn ló ni ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ta ni a fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé? Bí ó bá jẹ́ orúkọ olùkọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ lè pín in lọ́jọ́ iwájú. Òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020 fàyè gba ẹgbẹ́ láti forúkọ àwọn alágbàtọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n máa di ilẹ̀ mú fún ẹgbẹ́. Bí ọ̀kan kú, a ó fi òmíràn dípò. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìlú ńlá. Ti inú ìlú ńlá di ọ̀dọ̀ gómìnà.

Ẹ̀kẹrin ni waqf. Nígbà tí Sàyìdínà Umar ní ilẹ̀ ní Khaybar, Ànábì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó di ilẹ̀ náà mú, kí ó sì fi èrè rẹ̀ ṣe sàdákà. Láti ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ tà á, a kò gbọdọ̀ jogún rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti fẹ́ ta ilẹ̀ ńkọ́? Kí a má ṣe jà. Kí a lọ bá Baálẹ̀ àti ẹbí, kí a tọrọ àkókò, kí a dáwó láti rà á. Ọmọ òrukàn lè wà nínú àwọn tó jogún rẹ̀, ẹ̀tọ́ tiwọn náà sì wà. Ilẹ̀ tí a kọ́ mọ́sálásí Ànábì sí ní Mẹ̀dínà, ti ọmọ òrukàn méjì ni, Sahl àti Suhayl. Wọ́n fẹ́ fi tọrẹ, Ànábì kọ̀, àfi ìgbà tí ó rà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a lọ bá àwọn bàbá tó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn di ìwé. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Àmín.