Pósítà Tó Ń Bá Ọ̀dọ́langba Sọ̀rọ̀

Ẹ bi mí nípa pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, èyí tó ní ọmọbìnrin aláṣọ ilé-ìwé lára, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń la ojú àwọn ọmọ wa sí ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Ìbéèrè tó yẹ òbí ni, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ẹ ó rántí pósítà éèdì ayé àtijọ́. Agbárí òkú ni wọ́n máa ń yà sí i, tàbí ẹni tó ti rù kan egungun. Wọ́n fẹ́ dẹ́rù bà wá, ẹ̀rù náà sì bà wá. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rù ń ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò dé? Kò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ̀ alágbo tó lẹ ìwé “àtọ̀sí, jẹ̀díjẹ̀dí” mọ́ òpó iná ní Ìyànà-Ìbà ni yóò yọ́ lọ. Ẹni tó bá sì ń wo egungun lára pósítà lójoojúmọ́ yóò gbà pé ẹni tó sanra kò lè ní kòkòrò éèdì lára. Irọ́ yìí ni àjọ Society for Family Health já pẹ̀lú gbólóhùn pijin tó gba rédíò kan: “AIDS no dey show for face.” Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn nìkan ju ọgọ́rùn-ún agbárí lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni irú pósítà bẹ́ẹ̀ ń bá jà. Ní New York lọ́dún 1987, ọkùnrin mẹ́fà ṣe pósítà dúdú kan nípa éèdì, tó ní ikú ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú. Níhìn-ín, oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, kéde pé éèdì ló pa àbúrò òun, Fela olórin. Àwọn tó ní kò sóhun tó ń jẹ́ éèdì wá dákẹ́ díẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́langba, àjọ Action Health Incorporated, tí Nike Esiet àti Dókítà Uwem Esiet dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1989, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú. Wọ́n bá ìjọba Èkó ṣiṣẹ́ títí ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ fi wọ ilé-ìwé girama, lábẹ́ orúkọ Family Life and HIV Education. Lọ́dún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, ní kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀rù tó ń bà yín, UNESCO ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 ní ẹ̀kọ́ yìí kì í mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù nìyí: lọ́dún 2018 yẹn kan náà, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ rí i pé nínú 100 ọmọbìnrin ọdún 15 sí 19 ní Nàìjíríà, 19 ló ti bímọ tàbí tó wà nínú oyún àkọ́kọ́.

Ṣíṣe pósítà rere kì í ṣe eré. Kí wọ́n tó gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, wọ́n á kọ́kọ́ ya èyí tí wọ́n fẹ́ dán wò. Wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n á fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán, wọ́n á bi wọ́n pé, “Kí lẹ rí?” Bí ọmọ bá ní, “Mo rí ọmọ tí wọ́n ń bá wí,” àwòrán náà ti kùnà nìyẹn, kí wọ́n tún un yà. Ojú tó jọ tiwọn ni wọ́n fẹ́ rí. Gbólóhùn kan tó, kí ibi tí ọmọ lè lọ sì hàn gbangba nísàlẹ̀. Pósítà tí kò sọ ibi tí ọmọ máa lọ, mi ò kà á kún nǹkan kan. Ní Òkókómáikò tiwa yìí, níbi tí Àwórì, Ègùn, Íbò àti Hausa ti jọ ń gbé, àwòrán ló máa gbé ọ̀rọ̀ náà jù.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ńkọ́? Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tàbí ọmọkùnrin tó ń sin ọ̀gá rẹ̀ ní Alábà, kò lè rí i níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrun, tí ọmọbìnrin mẹ́rin ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ bá mi gba ọ̀kan lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.