Ohun Tó Ń Hù Láàárín Sàréè Àtijọ́ Nílùú Ọba

Bí ẹ bá ń gbé ní Peckham ní London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn dé itẹ́ òkú Nunhead. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ máa ń rò pé òun ti ṣìnà wọgbó ni. Igi ṣíji bo ọ̀nà, ìtàkùn ti gun orí sàréè àwọn olówó ayé ọjọ́un, àkókó ń sọ igi lọ́sàn-án, òwìwí ń ké lóru. Báwo ni ibi tí wọ́n ń sin òkú sí ṣe wá di ibi tí nǹkan abẹ̀mí pọ̀ sí ju àdúgbò tó yí i ká lọ? Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti tètè yéni. Àwọn ọgbà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fi katakata túlẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó da ajílẹ̀ sí i, nítorí èèyàn kì í dáko sórí òkú. Lẹ́yìn odi ọgbà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1984, nínú ọgọ́rùn-ún pápá olódòdó tó wà ní England àti Wales, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló pòórá, torí pé wọ́n tú wọn, wọ́n sì rọ ajílẹ̀ oníkẹ́míkà lé wọn lórí. Òdòdó tó tán lóko wá ṣẹ́ kù sáàárín sàréè.

Ẹ ó bi mí pé: ṣebí ajílẹ̀ ló ń mú ewéko dàgbà? Òun ni, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Àwọn koríko kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí ajílẹ̀, wọ́n á ga fìòfìò, wọ́n á sì gba oòrùn mọ́ àwọn kéékèèké lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, wọn ò lè ṣe fáàrí yẹn, ààyè á sì gba gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn olú aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń pè ní waxcap: koríko kúkúrú tí kò mọ ajílẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Nígbà tí òdòdó bá ti so, tí èso rẹ̀ sì ti bọ́ sílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù Keje tàbí Kẹjọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú á gé koríko náà, wọ́n á sì kó o kúrò pátápátá. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò jẹrà, yóò di ajílẹ̀, àwọn koríko gíga á sì tún gba ilẹ̀.

Àwọn òkú náà ńkọ́, ṣé wọn ò di ajílẹ̀ ni? Òótọ́ ni pé ìsìnkú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti gbé ilẹ̀ ọgbà míì sókè, débi pé ńṣe lèèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ìsàlẹ̀ jíjìn ni wọ́n ń sin òkú sí, gbòǹgbò àwọn ewéko kéékèèké yìí kì í sì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá sún mọ́ òkúta ibojì fúnra rẹ̀. Àwọn àbàwọ́n róbótó tó wà lára rẹ̀, eléérú, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn, kì í ṣe ìdọ̀tí. Nǹkan abẹ̀mí ni, lichen lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dá méjì ló para pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ìbátan olú, èkejì jẹ́ ewédò tíntìntín. Ẹ fojú onílé àti ayálégbé wò wọ́n: olú ló kọ́lé, ewédò ń fi oòrùn se oúnjẹ, oúnjẹ náà ló sì fi ń san owó ilé. Oríṣi tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n ti rí lára òkúta ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní apá ìlà-oòrùn England, àpáta tó yọ sórí ilẹ̀ kò wọ́pọ̀, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì ti ru ọ̀pọ̀ òkúta wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì. Bí kò bá sí òkúta òkú, ọ̀pọ̀ lichen tó ń gbé ara àpáta kò ní ríbi dúró sí níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ̀ tó mìlímítà kan lọ́dún. Ọdún tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta sì wà níbẹ̀ kedere, nítorí náà èèyàn lè wọn lichen, kó sì mọ bó ṣe ń yára dàgbà sí. Ní nǹkan bí ọdún 1950, Roland Beschel, ọmọ ilẹ̀ Austria, lo irú ìmọ̀ yìí láti ṣírò ìgbà tí yìnyín orí òkè fà sẹ́yìn kúrò lórí àpáta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha òkúta àtijọ́. Ohun tó lo igba ọdún kó tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi ṣí dànù.

Igi tí ẹ ó rí jù lọ nínú ọgbà wọ̀nyí ni yew. Ewé rẹ̀ àti kóró èso rẹ̀ lóró, ó ń pa màlúù. Ara èso pupa nìkan ni kò lóró, òun sì ni àwọn ẹyẹ ń jẹ. Síbẹ̀, láti ara ewé yìí kan náà ni wọ́n ti ń ṣe docetaxel, oògùn jẹjẹrẹ. Yew tó wà ní Fortingall, ní Scotland, ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ní ọdún 1769, wọ́n wọn ìdí rẹ̀ yíká, ó tó nǹkan bíi mítà mẹ́rìndínlógún. Akọ ni igi náà látọjọ́ tí aláyé ti dáyé, àfi ní ọdún 2015 tí ẹ̀ka kan lára rẹ̀ ṣàdédé so èso bí abo.

Ọ̀nà míì ni Nunhead gbà di ohun tó dà. Nígbà tí èrò London pọ̀ jù, tí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kún àkúnya, wọ́n la itẹ́ òkú ńláńlá méje sẹ́yìn ìlú láàárín ọdún 1833 sí 1841. Nunhead wà lára wọn, ọdún 1840 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tó yá, kò fi bẹ́ẹ̀ sí àyè láti ta mọ́, owó tán, wọ́n sì tì í pa ní ọdún 1969. Ní 1975, ìjọba ìbílẹ̀ Southwark rà á ní pọ́n-ùn kan péré. Igi sycamore àti ash, tí èso wọn níyẹ̀ẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé wọn kiri, ló ti kún ibẹ̀ fúnra wọn. Nínú Highgate, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú itẹ́ òkú méje yẹn, wọ́n rí aláǹtakùn inú ihò òkúta kan ní 2013 nínú yàrá òkú tí wọ́n ti tì pa. Òkùnkùn biribiri nìkan ni aláǹtakùn náà lè gbé, àwọn yàrá wọ̀nyẹn sì ti ṣókùnkùn láti ayé ọba Victoria.

Bí ẹ bá dé Nunhead, tí ẹ rí àwọn tó ń gé igi níbẹ̀, ẹ má bínú sí wọn. Sycamore tí a bá fi sílẹ̀ yóò gba gbogbo oòrùn, gẹ́gẹ́ bí koríko gíga ṣe ń ṣe, òdòdó àti labalábá tó ń wá a kò sì ní ríbi gbé. Wọ́n máa ń fi igbó sílẹ̀ fún òwìwí àti àkókó, wọ́n á sì la ojú ibòmíràn kí oòrùn lè kan ilẹ̀.